Òwú Inú Ìrọ̀rí

Fótò náà já lulẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ògiri. Ìṣó ṣì wà lára ògiri, okùn ẹ̀yìn fótò kò já. Oníbẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì tà, dúró lórí àfọ́kù gíláàsì, ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ yọjú láti inú yàrá. Ó súnmọ́ ògiri, ó fọwọ́ kan ìṣó, ó fọwọ́ kan okùn.

"Inú ọmọ mi ò dùn," ó wí. Ó padà wọlé.

Ó ti lé lọ́dún kan tí obìnrin náà ti kú. Oníbẹ́ẹ̀dì ṣì ń sùn sí etí kan bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó jáde lọ pọn omi. Ìrọ̀rí méjì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, tirẹ̀ àti ti olóògbé. Kò sẹ́ni tó ń gbórí lé ti olóògbé. Ìyá ló ń tún un tẹ́ láràárọ̀. Ìyá wá fún ìsìnkú, kò sì padà lọ mọ́. Oníbẹ́ẹ̀dì kò bi í ní nǹkan kan. Ìyá ìyàwó ẹni, ìyá ẹni ni. Ó ń bọ́ ọ, ó ń ra oògùn ojú fún un, nítorí ojú Ìyá ti ń ṣú, kò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mọ́.

Ó wé fótò náà mọ́nú aṣọ, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń gé gíláàsì ní ìkóríta. Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti bá ẹlòmíràn lọ tipẹ́. Ó gba fótò náà, ó nù ún, ó wò ó pẹ́.

"Ẹni yìí mọ ẹ̀rín rín," ó wí. "Kí ló pa á?"

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè yẹn. Gbogbo ayé ń sọ pé kó mọ́kàn le, kó fara dà á, kó gba kámú. Oníbẹ́ẹ̀dì jókòó sórí àpótí, ó sọ ọ́. Ó sọ bí àìsàn náà ṣe wọlé bí ẹni tó fẹ́ kíni lásán, tó wá di onílé. Nígbà tó parí, oòrùn ti wọ̀. Ó nawọ́ sí àpò.

"Ọ̀gá, ẹ fi owó yín sápò," Onígíláàsì wí. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ti tó owó iṣẹ́. Bí mo bá tún gba owó, olè ni mo jà."

Oníbẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé òun ṣì ní ẹ̀rín nínú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó rán tìmùtìmù fún àpótí tí obìnrin náà ń jókòó lé. Kò pẹ́, tìmùtìmù náà di méjì. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra rí i pé ó ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ìjọba ti fòfin de irùngbọ̀n ni. Oníbẹ́ẹ̀dì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, bó bá ti dùbúlẹ̀, ó máa ń bẹ olóògbé pé kó má bínú. Ó ń fẹ́ ẹni tó wà láàyè, ó sì ń sunkún ẹni tó kú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ̀ pé ọkàn kan lè gba ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ó sọ fún Ìyá pé òun fẹ́ mú obìnrin kan wálé. Ìyá gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ilé rẹ ni," ó wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Èmi ńkọ́?"

Ó ní ìyá òun ni, kò lọ síbì kankan. Ìyá dúpẹ́, kò sì gbà á gbọ́.

*

Ẹni tó bá ń gbé lórí àánú ọkùnrin kan mọ bí àánú ṣe ń tán. Obìnrin tuntun á wọlé, á kí i dáadáa lóṣù kìíní. Lóṣù kejì, á béèrè ìgbà tí Màmá ń lọ sílé. Ìyá kò nílé mọ́. Ó sì ti búra fún ẹnì kan.

Kì í ṣe ìkà lójú ara rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣọ́ ni.

Ìgò kékeré kan wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò ti ṣí i, nítorí ó rò pé ewu ti kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Oníbẹ́ẹ̀dì ti jáde, ó fọwọ́ wá ìgò náà títí ó fi rí i. Ó wọ́n lẹ́búlẹ́bú dúdú inú rẹ̀ sórí ìrọ̀rí olóògbé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á wọnú aṣọ. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ èémí.

Ìrọ̀rí náà wú díẹ̀, ó sì rọlẹ̀, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ìyá fi aṣọ bò ó.

*

Onígíláàsì wá sílé ní ọjọ́ ìsinmi kan. Oòrùn ti pa á lójú ọ̀nà, orí ń fọ́ ọ. Oníbẹ́ẹ̀dì ní kó lọ dùbúlẹ̀ díẹ̀ nínú yàrá. Kò sí ìrọ̀rí mìíràn tó tutù nínú ilé, obìnrin náà gbórí lé ti olóògbé.

Ó jí pẹ̀lú ikọ́. Ó wúkọ́ wúkọ́, ó fi ìka méjì yọ nǹkan lẹ́nu. Òwú ni. Fẹ́ẹ́rẹ́ kan, funfun, ó gùn bí irun.

"Ilé oníbẹ́ẹ̀dì nìyí," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òwú lẹ ń mí síbí, ẹ ò mí afẹ́fẹ́."

Oníbẹ́ẹ̀dì náà rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún un. Bó ṣe ń gbé ife fún un, ó pè é ní orúkọ olóògbé.

Kò mọ̀ pé òun pè é bẹ́ẹ̀. Onígíláàsì jẹ́ ẹ, ó gba ife, ó mu omi. Jíjẹ́ tó jẹ́ orúkọ náà ló dun obìnrin náà jù lọ.

*

Ọkùnrin kan wà ní àjà kejì ilé kan lẹ́yìn ọjà. Adáhunṣe ni wọ́n ń pè é. Kò ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, kò ní awọ ẹran lógiri. Yàrá rẹ̀ mọ́ bí yàrá olùkọ́. Ọ̀sán gangan nìkan ló ń gbàlejò, nígbà tí òjìjì ènìyàn bá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀, èékánná ló máa ń gé.

Onígíláàsì jókòó níwájú rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí òun ń bá du ọkùnrin náà ti kú.

"Òkú ló ṣòro jù láti bá du nǹkan," Adáhunṣe wí. "Kì í darúgbó. Kì í jà. Kì í ṣe aṣìṣe mọ́." Ó fẹ́ èékánná kúrò lórí itan. "Kí ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ máa ń wò bó bá jí?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀.

"Fótò rẹ̀."

"Ta ló fi gíláàsì sí i?"

"Èmi ni."

Adáhunṣe gbé ojú sókè. Ó bi í bóyá ó dá a lójú, nítorí ohun tí òun fẹ́ fún un kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ní ó dá òun lójú. Ó fún un ní nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ewé wé.

Lọ́jọ́ kejì Onígíláàsì sọ fún Oníbẹ́ẹ̀dì pé ọ̀rinrin ti wọ ẹ̀yìn fótò náà, pé òun fẹ́ pààrọ̀ pákó rẹ̀ kó tó bà á jẹ́. Inú Oníbẹ́ẹ̀dì dùn. Obìnrin wo ló ń tọ́jú fótò ìyálé rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un. Fótò náà padà dé, ó dán, ó mọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́.

*

Oníbẹ́ẹ̀dì kọ́kọ́ rò pé ìwòsàn ni.

Ó jí ní àárọ̀ kan, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ láyà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fi pákò sẹ́nu, ó ń kọrin. Lẹ́yìn náà ló gbìyànjú láti rántí bí olóògbé ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé ẹ̀rín kan wà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ bọ àpò tó mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, tó bá ihò.

Káfíńtà rán an létí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bí òjò ṣe lé gbogbo wọn sábẹ́ tábìlì. Oníbẹ́ẹ̀dì bá a rẹ́rìn-ín. Kò rántí òjò. Kò rántí tábìlì. Nígbà tó délé, ó dúró níwájú fótò. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo oníbàárà tó ti mojú rẹ̀ rí, tí kò mọ ohun tó wá rà.

Ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ sọ fún Onígíláàsì, ṣùgbọ́n ara obìnrin náà kò yá. Ikọ́ ti mú un. Ó ń rù, ojú rẹ̀ ti wọnú. Bó bá wúkọ́, òwú ni. Ó ti kúrò ní fẹ́ẹ́rẹ́, ó ti di ìdì. Lọ́jọ́ kan, Oníbẹ́ẹ̀dì di orí rẹ̀ mú, ó sì bá a fa òwú lọ́fun. Ó ń fà á, ó ń jáde, ó ń fà á, ó ń jáde, obìnrin náà di apá rẹ̀ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó tán, ó kún àtẹ́lẹwọ́.

Oníbẹ́ẹ̀dì yí òwú náà láàárín ìka. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ìka rẹ̀ mọ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Òwú gígùn ni, ó tutù, kò ní hóró. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Fóòmù ni gbogbo wọn ń lò báyìí. Èyí tó kù lára òwú yẹn, inú ìrọ̀rí méjì ló ki í sí, nígbà tó ń gbéyàwó.

Ó dìde, ó lọ sílé.

*

Ó gbé ìrọ̀rí olóògbé sójú fèrèsé, ó wo ẹnu rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rán pa.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Oníbẹ́ẹ̀dì. Ìránṣọ rẹ̀ máa ń dà sí òdìkejì ti gbogbo aránṣọ. Èyí náà dà sí òdìkejì. Ì bá gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì. Òun kì í ta ju ẹyọ kan lọ.

Ta ló ń ta kókó méjì?

Ó wá a nínú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń fa garawa jáde nínú kànga tó ń jìn sí i. Obìnrin kan jókòó tì í, èjìká kan èjìká. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi ń ránṣọ, nítorí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló wò kọ́ ọ, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń ránṣọ. Ó máa ń ta kókó méjì, kí iṣẹ́ má baà tú kí ojú tì í. Oníbẹ́ẹ̀dì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń ránṣọ bẹ́ẹ̀.

Ó fi abẹ já a. Ó ti ọwọ́ bọ inú òwú. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó gbóná. Aṣọ ara rẹ̀ àtijọ́ ni, apá kan ẹ̀wù tó ti wá títí. Wọ́n wé e mọ́ irun obìnrin, wọ́n fi okùn dúdú dì í yíká yíká, títí kò fi sí ibi tí ènìyàn lè fi abẹ́rẹ́ gún.

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ̀yin ni, Ìyá?"

"Pẹ̀lú ojú wo?" Ìyá wí. Ó fara ti ògiri. "Ọmọ mi ló rán an. Ó ń kú lọ, ó ń rán an. Èmi kàn ń bu nǹkan wọ́n ọn ni, bó ṣe ní kí n máa ṣe."

"Kí ni mo fi ṣe é?"

"O kò fi nǹkan kan ṣe é. Ó ní o kò ní lè dá wà. Ó ní kò sí ẹni tó máa sùn síbẹ̀ lẹ́yìn òun tó máa jí ire."

Oníbẹ́ẹ̀dì jókòó sílẹ̀. Ó ṣì rántí ìyẹn, ó kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: òun ló gbé bẹ́ẹ̀dì olóògbé sí ẹ̀bá fèrèsé, kó lè máa rí ìta. Olóògbé ní kó wá abẹ́rẹ́ fún òun, kí òun fi pa ìrònú rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Oníbẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ló bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ó fi ẹnu kan ọwọ́ náà kó tó jáde.

Ó béèrè ẹni tó fún un ní oògùn náà. Ìyá sọ fún un.

*

Ọ̀sán gangan ló dé àjà kejì. Adáhunṣe jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan tí Oníbẹ́ẹ̀dì mọ̀, nítorí òun ló ṣe é. Onígíláàsì, tó wá nítorí ikọ́ rẹ̀, wà lórí àpótí, aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí ìdì dúdú lọ́wọ́ Oníbẹ́ẹ̀dì. Oníbẹ́ẹ̀dì rí i. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kan.

"Ó dáa tí ẹ pé," Adáhunṣe wí. "Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti ìrọ̀rí, ó sì sọ ti ẹ̀yìn fótò. Kò gbé ohùn sókè, kò sì dúró ti ẹnikẹ́ni. Oníbẹ́ẹ̀dì kọjú sí obìnrin náà.

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí mi ni," Onígíláàsì wí. "Ẹ̀ ń wò mí, òun lẹ̀ ń rí."

"Mo rí ẹ. Láti ọjọ́ tó o ti bi mí pé kí ló pa á, ìwọ ni mo rí. Òun ni mi ò rí mọ́."

Obìnrin náà fi aṣọ bojú. Oníbẹ́ẹ̀dì yíjú sí Adáhunṣe.

"O ta okùn fún ọ̀kan. O ta ọ̀bẹ fún èkejì."

"Iṣẹ́ ni. Bí ọ̀tá méjì bá wá ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ yín, èwo lẹ máa lé?" Ó gbé abẹ èékánná kalẹ̀. "Ẹ gbọ́. Ọ̀kan ni mo lè mú kúrò, àwọn méjèèjì ti lọ́ mọ́ ara wọn. Bí mo bá mú ti ẹ̀yìn fótò, ẹ ó rí ìyàwó yín padà, ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn á dúró, obìnrin yìí á sì kú. Bí mo bá tú okùn, yóò yè. Ìyàwó yín á lọ pátápátá. Ire tó ṣe yín, ibi tó ṣe yín, kò ní ṣẹ́ kù. Ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n rí."

Òjìjì fèrèsé kò kúrò lábẹ́ fèrèsé.

Oníbẹ́ẹ̀dì wo ìdì náà. Ọ̀kan dì í bí ẹrù. Èkejì jà á lólè, ó fi ẹ̀rín gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn ní nǹkan kan. Onígíláàsì wúkọ́, òwú yọ lẹ́nu rẹ̀, kò lágbára láti fà á.

"Tú okùn," ó wí.

Onígíláàsì fẹ́ kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ dá a dúró.

"Má dúpẹ́. Mi ò kàn fẹ́ kí ìrọ̀rí mi pa ènìyàn ni. Bí ara rẹ bá ti yá, má wá sílé mi mọ́."

Adáhunṣe mú ìdì náà, ó wá etí okùn. Bó ti ń tú u, Oníbẹ́ẹ̀dì di ohun kan ṣoṣo mú nínú orí rẹ̀: ọwọ́ òsì kan, abẹ́rẹ́, kókó méjì. Ó dì í mú pinpin. Ó mọ̀ pé ọwọ́ náà ti dalẹ̀ òun, síbẹ̀ ó dì í mú. Okùn ń tú, ó ń tú. Kókó kan lọ. Kókó kejì lọ. Abẹ́rẹ́ lọ.

Ó bá ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ tutù. Kò mọ ohun tó pa á lẹ́kún.

*

Nígbà tó délé, ìyá arúgbó kan jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí Ìyá ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò rí ìdí rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ di ẹrù. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Ìyá ti múra sílẹ̀ de èébú. Ó gbé ojú tó ṣú sókè, ó na ọwọ́, ó fi kan ojú Oníbẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Mi ò lọ síbì kankan mọ́," ó wí.

Wọ́n wọlé. Oníbẹ́ẹ̀dì gbé ẹrù rẹ̀ padà sí yàrá. Nígbà tó jáde, ó dúró níwájú ògiri.

"Ìyá, ta ni obìnrin inú fótò yìí?"

"Ìyàwó rẹ ni. Ọmọ mi ni. Ó ti kú."

Oníbẹ́ẹ̀dì fọwọ́ kan gíláàsì náà. Ó rántí ẹni tó gé e. Ó rántí pé obìnrin yẹn jí nǹkan ńlá kan lọ́wọ́ òun, nǹkan tí òun kò lè rí padà. Ohun tó jẹ́ gan-an ni kò mọ̀.

"Ṣé ó dára sí mi?"

Ìyá fa àga mọ́ra. Ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe.

"Ó fẹ́ràn rẹ," ó wí. "Títí ó fi mí èémí ìkẹyìn, kò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ibi kankan sí ọ."

Oníbẹ́ẹ̀dì mi orí. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú fótò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún aya rere tó kú, ẹni tí kò mọ̀. Oògùn ẹ̀yìn fótò lè kó ohun tó mọ̀ lọ. Kò lè kó ohun tí wọ́n ń sọ fún un lójoojúmọ́. Láràárọ̀ ni Ìyá ń sọ díẹ̀ sí i.

Onígíláàsì wá, nígbà tí ara rẹ̀ yá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún padà. Ó kan ilẹ̀kùn, ó pè é, ó ní òun kò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ òun, òun wá sọ òtítọ́ kan fún un nípa olóògbé, kó gbọ́ ọ, kó tó lé òun. Oníbẹ́ẹ̀dì mọ ohùn náà. Kò dìde lórí àga.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ní ìyàwó," ó wí fún Ìyá.

Ìyá lọ sọ fún un. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi irin dè é. Kò tún wọ́n nǹkan kan sórí ìrọ̀rí mọ́. Kò nílò rẹ̀.